Orúkọ Tí Ìtumọ̀ Rẹ̀ Ti Sọnù

Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń jiyàn, ẹ jẹ́ kó wá gbọ́ ti obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Olórúkọ, tó bá ọmọ ọlọ́mọ wá orúkọ kiri títí, tí ọ̀rọ̀ wá kan ọmọ tirẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì wọhò.

Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni Olórúkọ ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá rẹ̀ wà ní òkè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gan-an, tó fi jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá ti gbéra sọ, tíì inú ife rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìwé orí tábìlì á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ létí. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn òǹkàwé máa ń bi í léèrè pé, kí ni ìtumọ̀ orúkọ tí bàbá ńlá àwọn jẹ́? Níbo ló ti wá? Ṣé ó ṣeé sọ ọmọ? Òun náà á wá a dé ẹ̀yìn ayé. Kì í dáhùn láìjẹ́ pé ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà, èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, àti ohun tó ń ba òbí lẹ́rù lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló kà sí jù. Ó ní kò sí orúkọ àtijọ́ kan tí èèyàn máa họ ara rẹ̀ tí kò ní bá àdúrà nísàlẹ̀.

Ó mọ̀ pé lójú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, apá kan lára ènìyàn ni orúkọ í ṣe, bí ọkàn ṣe jẹ́, débi pé bí wọ́n bá fẹ́ tún òkú ọ̀tá pa, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń họ kúrò lára ògiri. Ó mọ̀ pé àwọn Hébérù a máa fi orúkọ Ọlọ́run há inú orúkọ ọmọ wọn, kí ẹni tó bá ń pe ọmọ pé kó wá jẹun lè máa gbàdúrà láì mọ̀. Ó sì mọ̀ pé àwọn òbí kan ní Róòmù kàn ka ọmọ ni, Ìkarùn-ún, Ìkẹfà, bí ẹni ń ka bíríkì. Èyí a máa pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti rẹ àwọn ìyá yẹn ni.

Ọmọbìnrin tó wá bí yìí kò dúró kí oṣù pé. Ọkọ Olórúkọ, tó jẹ́ awakọ̀ ojú irin, ní ọmọ náà fìwà jọ àwọn èrò òun, àwọn tó máa ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Àwàdà lásán ni. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bó ṣe ń sọ ọ́. Inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nínú yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Okùn tín-ín-rín gba imú rẹ̀ wọlé, òmíràn so mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, fìlà rẹ̀ kò sì ju ìbọ̀sẹ̀ àgbàlagbà lọ. Ara àpótí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ páálí kékeré kan mọ́, tí orúkọ ọmọ wà lára rẹ̀. Ohun tó wà lára tirẹ̀ ni "Ọmọbìnrin", ó tán.

Màtírọ́nù ló ń ṣe olórí yàrá náà, àgbà obìnrin kan tí bàtà rẹ̀ kì í dún, tí ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan kan. Ó ní òfin kan tí kò gbẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọ láì kọ́kọ́ pè é lórúkọ. Bó jẹ́ abẹ́rẹ́ ni o, bó jẹ́ ìlédìí ni o, nọ́ọ̀sì á ki ọwọ́ bọ ihò àpótí, á pe ọmọ, á dúró díẹ̀, kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ní ọmọ tí ọwọ́ kàn ń já lù láì pè, bó bá dàgbà, á máa fòyà ènìyàn. Nítorí náà, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá tíì sọ lórúkọ, oníkálùkù nínú àwọn nọ́ọ̀sì á fún un ní tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ ń pe ọmọ Olórúkọ ní Àgbà, nítorí bó ṣe kéré. Èyí tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ń pè é ní Adájọ́, ó ní kò sẹ́ni tó rí bó ṣe ń fajú ro tí kò ní jẹ́wọ́.

Olórúkọ a máa jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ àpótí, á máa gbọ́ Àgbà, á máa gbọ́ Adájọ́, inú rẹ̀ á sì máa gbóná. Owú ni, kò sì tijú láti mọ̀ pé owú ni. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fi orúkọ kankan pè é.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Olórúkọ ti bí ọmọkùnrin kan ṣáájú eléyìí. Gbogbo ìgbà tó fi wà nínú oyún náà ló fi ń ṣa orúkọ, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, èyí tó bá ní àléébù díẹ̀, ó ti jù ú nù. Níkẹyìn ó mú orúkọ ọba àtijọ́ kan, ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "ẹni tí yóò wà títí". Inú ikùn ni ọmọ náà ṣì wà tó ti ń fi pè é. Wọ́n bí i ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú bá a.

Láti ìgbà náà ni Olórúkọ ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ni òun fa ọ̀rọ̀ náà. Ó gbà pé orúkọ náà wúwo ju ọmọ lọ, pé bí òun ṣe ń fi ẹnu òun kéde pé ọmọ òun yóò wà títí, ikú dúró síbì kan, ó ń gbọ́. Kò sọ èyí fún ẹnì kan, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń túmọ̀ orúkọ fún aráyé, kò sì tún gba ìtumọ̀ kankan gbọ́ mọ́. Àbí ká sọ pé ó gbà wọ́n gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi ò mọ èwo.

Lọ́jọ́ kan, Màtírọ́nù fa àga, ó jókòó tì í.

"Ìyàwó, etí ọmọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ o. Kí la ó máa pè é?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣì ní sùúrù, Mà."

"Sùúrù ti kí ni?"

Olórúkọ tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ún sọ nìyẹn. "Mà, lọ́dọ̀ àwọn ará Mòngólíà, ẹni tí ọmọ bá ti kú mọ́ lọ́wọ́ a máa sọ èyí tó bá tẹ̀lé e ní Kò-Lórúkọ, tàbí Kì-Í-Ṣe-Èyí, kí ohun tó ń mú ọmọ lọ lè wá a tì. Àwọn ará Ṣáínà náà a máa fi orúkọ ajá pe ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú, kí ibi lè rò pé kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn àgbà ayé kò gọ̀, Mà. Ọmọ tí kò lórúkọ, ta ló máa mọ ọ̀nà ilé rẹ̀?"

"Wọn ò gọ̀ lóòótọ́," Màtírọ́nù dáhùn. "Ṣùgbọ́n Kò-Lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yẹn, ṣé wọ́n máa ń fi pè é?"

"Wọ́n ń fi pè é."

"Bó bá ń sunkún, òun náà ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ó dáa. Ìwọ ńkọ́, kí lo fi ń pe tìẹ?"

Olórúkọ yíjú sí páálí ara àpótí. Màtírọ́nù fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó dìde, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni dókítà sọ fún wọn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan tó yẹ kó ti dí lẹ́bàá ọkàn ọmọ náà lẹ́yìn ìbí, kò dí. Oògùn ti kùnà. Wọ́n ní láti ṣí àyà rẹ̀, kí wọ́n dí i. Dókítà kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀: ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ léwu, àìṣe é sì léwu jù ú lọ. Lọ́túnla ni wọn yóò ṣe é. Bí dókítà ṣe jáde ni Màtírọ́nù sọ tirẹ̀. Ó ní òun ni òun máa ń dúró síbi orí àwọn ọmọ yàrá òun tí iṣẹ́ abẹ bá parí, òun ni òun máa ń pè wọ́n kúrò lójú oorun.

"Mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ìwọ gan-an," ó ní. "Mi ò ní gbà kí wọ́n kun ọmọ lóorun lọ síbi tí mi ò ti lè pè é padà. Adájọ́ kọ́, Àgbà kọ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fún un ni mo fẹ́."

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Olórúkọ gba ibi iṣẹ́ lọ. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó kó gbogbo ìwé kalẹ̀, ó ń wá. Orúkọ tó túmọ̀ sí ìyè, ó rántí ẹni tó jẹ́ ẹ tí wọ́n sọ lókùúta. Orúkọ tó túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ọmọ ọba tó jẹ́ ẹ fọ́jú. Orúkọ alágbára, orúkọ ẹni tí Ọlọ́run gbọ́ tirẹ̀, orúkọ béárì àti ti ìkookò tí àwọn ará ìhà àríwá fi ń sọ ọmọ kí ara rẹ̀ lè le: gbogbo rẹ̀ pátá ni ẹnì kan ti jẹ́, gbogbo àwọn tó jẹ́ wọn ló sì ti kú. Òmùgọ̀ ìrònú ni, mo mọ̀. Ta ni ì bá máa jẹ́ orúkọ àtijọ́ láàyè dòní? Ṣùgbọ́n ìyá tí ẹ̀rù ń bà kì í fi orí ro nǹkan, àyà ló fi ń rò ó. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í mi tábìlì, ó pa ìwé dé, ó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn lọ́wọ́ òfìfo.

Ọ̀sán ni. Ibi iṣẹ́ ló rò pé ọkọ òun wà. Àmọ́ bó ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà ló rí i, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ó fi fìlà há abíyá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu ti ihò àpótí. Ó ń pe ọmọ. Kì í ṣe Adájọ́, kì í ṣe Àgbà. Ó ń pè é ní orúkọ kan tí Olórúkọ mọ̀ dáadáa, á pè é, á dákẹ́ díẹ̀ bí òfin Màtírọ́nù ṣe wí, á wá fi ìka kan kan ẹsẹ̀ ọmọ.

"Níbo lo ti rí orúkọ yẹn?"

Ọkùnrin náà ta gìrì, ó fẹ́ẹ̀ forí gbá àpótí. "Háà. O ti dé."

"Mo ní níbo lo ti rí i?"

"Nínú ìwé ìròyìn yín ni."

"Ìwọ? Ìwọ tó o máa ń fi ìwé ìròyìn wa di búrẹ́dì?"

"Bí mo bá kà á tán ni mo fi ń di búrẹ́dì," ó fèsì. "Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò kì í ka ojú ewé tìẹ. Bó o bá mọ̀, wàá máa bi mí pé ṣé ó dùn, tí mo bá sì sọ pé kò dùn, ìjà dé."

Lọ́jọ́ mìíràn, Olórúkọ ì bá rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí ọkọ rẹ̀ ń pe ọmọ yìí jẹ́ ti àwọn ará erékùṣù kan tí èdè wọn ti parẹ́ tipẹ́tipẹ́. Kò síbòmíràn tí wọ́n ti rí orúkọ náà ju ìdí ife amọ̀ kékeré kan, ife ọmọdé, tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé lè pè é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òǹkàwé kan ti bi í léèrè nígbà kan bóyá òun lè fi sọ ọmọ, Olórúkọ sì dá a lóhùn pé ìtumọ̀ rẹ̀ ti sọnù, pé orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ kò yàtọ̀ sí ilé òfìfo, kí wọ́n má fi ọmọ wọn sínú rẹ̀.

"O ka ohun tí mo sọ nípa rẹ̀, o sì tún mú un?"

"Mo kà á." Ọkọ rẹ̀ yọ fìlà lábíyá, ó ń yí i lọ́wọ́. "O ní ilé òfìfo ni. Mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Mo ní, ilé òfìfo kẹ̀? Ohun tá a ń wá gan-an nìyẹn. Àwọn orúkọ tó kù, ẹnì kan ti gbé inú wọn, ẹrù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lè di orí ara rẹ̀ mú, iṣẹ́ ọba la gbé lé e lórí, a ní kó wà títí. Mi ò fẹ́ rán eléyìí níṣẹ́ kankan, Olórúkọ. Kó sáà wá."

Olórúkọ jókòó sórí àga. Ohun tó ti dì mọ́ra láti ọjọ́ yìí bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo pa á. Orúkọ tí mo fún un ló pa á."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ta ni ì bá tún sọ ọ́?"

Awakọ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, níbẹ̀ lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Kò sí àwàdà lójú rẹ̀ rárá. "Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni kò gbó. Dókítà sọ ọ́ lójú àwa méjèèjì. Èmi gbọ́ ọ. Ìwọ ò gbọ́, torí pé ìtumọ̀ lò ń wá."

Obìnrin náà sunkún. Ó sunkún ọmọ tó lọ, tí kò tíì sun ún tán, ó sì sunkún ìyà tó ti fi ń jẹ ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sọ pé kó dákẹ́. Nígbà tó wá lè sọ̀rọ̀, ìbéèrè tó bi í jẹ́ ti iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

"A ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Tó bá jẹ́ èpè ńkọ́?"

"Ta ló ń kọ èpè sídìí ife ọmọ rẹ̀?"

Olórúkọ ti wo àwòrán ife náà rí, àìmọye ìgbà, àmọ́ kíkà ló ń kà á, kò wò ó. Ó wá rí i báyìí: amọ̀ náà ṣì tutù, ẹnì kan mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó di ife náà mú jẹ́ẹ́jẹ́ kó má bàa tẹ̀, ó fara balẹ̀ fín orúkọ sí i, kí àwọn ọmọ yòókù má bàa gba ife ọmọ rẹ̀ lò. Ẹni náà ti lọ, èdè rẹ̀ ti lọ, gbogbo ará ilé rẹ̀ ti di erùpẹ̀. Síbẹ̀, a mọ̀ pé ọmọ kan wà, a sì mọ̀ pé ẹnì kan ń retí kó gbẹ omi mu. Olórúkọ ti máa ń sọ pé àdúrà ló wà nísàlẹ̀ orúkọ. Kò rò ó rí pé àdúrà náà lè má ju kéèyàn fẹ́ kí ọmọ òun mumi lọ.

Ó dìde, ó ki ọwọ́ bọ ihò àpótí, ó la ẹnu. Ohùn kò jáde. Awakọ̀ ní kó má fipá ṣe é.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, wọ́n ti àpótí náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan lọ, táyà rẹ̀ ń ké ṣíoṣíoṣío, bàbá wà lápá ọ̀tún, ìyá wà lápá òsì. Ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, Màtírọ́nù dúró. Ó ti wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ojú nìkan ló kù tó hàn lára rẹ̀.

"Ìyàwó, ibi tí ẹ lè dé nìyí. Kí ni n ó máa pè é?"

Awakọ̀ wo ilẹ̀. Kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ló fi ojú sọ fún un. Olórúkọ gbé ọwọ́ lé gíláàsì, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan ti ọmọ, àfi gíláàsì tó wà láàárín wọn, ó sì pè é. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nà ró, ó tún orúkọ náà wí ketekete fún Màtírọ́nù.

Màtírọ́nù dán an wò lẹ́nu. "Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ó tó ọdún mélòó tí wọ́n ti ń bi obìnrin yìí ní ìbéèrè yẹn, kò sì sígbà kan tí kò rí èsì fọ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà," ó ní. "Ẹ bá mi gbé e padà wá, ká lè jọ mọ̀ ọ́n."

Màtírọ́nù wò ó, ó mi orí, ó ti àpótí wọlé. Ilẹ̀kùn padé.

Àga onírin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, orí rẹ̀ ni tọkọtaya náà jókòó sí. Wọ́n jókòó pẹ́. Awakọ̀ gbìyànjú láti dá àpárá kan, kò parí rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń ti àga oníkẹ̀kẹ́, wọ́n ń gbé oúnjẹ, ẹnì kan ń nu ilẹ̀. Olórúkọ ò rí wọn. Ó ń pe orúkọ náà lábẹ́ èémí, ó ń pè é, ó ń dúró díẹ̀, ó tún ń pè é. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ọ mọ́ bí orúkọ ará erékùṣù kankan. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni.

Ilẹ̀kùn ṣí. Màtírọ́nù yọ orí jáde, ó ti fa aṣọ ẹnu rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ó pe Ìyá, ó sì fi orúkọ ọmọ náà tì í.

Olórúkọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá obìnrin tí wọ́n ń pè. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò rí i nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Màtírọ́nù tún pè é, pẹ̀lú ẹ̀rín lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pè é tó lajú. Ẹ dìde kí ẹ wá wo ọmọ yín."

Ọkọ rẹ̀ gún un ní ìgúnpá, omi ń dà lójú rẹ̀. "Dá wọn lóhùn," ó ní. "Ìwọ ni wọ́n ń pè."